Aṣọ Méjìlá

Aago mẹ́rin ìdájí ní Durham.
Kùrukùru ti gun òkè wá láti odò,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé
bí àlejò tí a kò ké sí.
Èmi ni mo ń nu gíláàsì.
Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo wọ súwẹ́tà méjì,
mo gbé kóòtù ilé iṣẹ́ lé e,
síbẹ̀ òtútù mọ ojúlé egungun mi.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì kẹta,
ará Japan ayé àtijọ́, nínú àwòrán.
Aṣọ méjìlá ló wọ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan,
etí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ lábẹ́ èkejì
bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.
Irun rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀.
Eyín dúdú, wọ́n ní, ni ẹwà nígbà náà;
èmi tí wọ́n ń torí èjí kì, mo pa ẹnu dé.

Káàdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀.
“Ọmọbìnrin Ìjòyè Ọwọ́ Òsì.” Ó tán.
Ẹgbẹ̀rún ọdún, ipò bàbá ló ṣẹ́ kù.
Mi ò bínú. Lára báàjì tèmi náà,
“Òṣìṣẹ́ Òru” ni wọ́n kọ.
Ìyá àgbà nìkan ló kù tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró.

Wọ́n ní ọkùnrin a máa wá lóru,
a sì lọ kí àkùkọ tó kọ.
Kí oòrùn tó gbẹ ìrì, lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé,
tí a so mọ́ ẹ̀ka igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òdòdó.
Bí lẹ́tà bá pẹ́, obìnrin a fi apá aṣọ bojú,
apá aṣọ a tutù,
àwọn ìránṣẹ́bìnrin a ṣe bí ẹni tí kò rí i.
Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ wọlé, ó ní:
“Ààfin ti béèrè rẹ.”
Ta ni yóò wí fún ààfin pé ọkàn òun wà
lọ́dọ̀ akọ̀wé kan tí kò ní ju ẹṣin kan lọ?
Ó gun kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Ó lọ.

Èyí kò sí lórí káàdì. Èmi ni mo fi kún un.
Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń wo ojú rẹ̀.

Adéwùsì ń wa bọ́ọ̀sì ní Newcastle.
Ó ní kí n wá, ká jọ máa gbé. Ó ti ra ìkòkò.
Mo ní kó fún mi lọ́dún méjì sí i:
Kọ́láwọlé kò tíì parí ní Poli Ẹdẹ,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi kì í gbọ́
“ẹ jọ̀ọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀.”
Àkọ́bí ni mí.
Kò sí màlúù tó fà mí dé ààfin tèmi,
ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọlé.

Mo to pẹ́nì mẹ́fà sójú fèrèsé.
Ìyá àgbà ní owó ẹyọ ni wọ́n fi ń pàrokò láyé ìjọ́un:
ẹẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ.
Ẹni tó bá gbà, a fi ẹẹ́jọ dáhùn:
a jọ ni í ṣe é.
Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́.
Mo mí sí gíláàsì, mo nù ún,
ojú obìnrin náà tún yọ.

Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí èsì tó dé.
Sunderland ni wọ́n bí Adéwùsì sí,
ta ni ìbá kọ́ ọ ní àrokò?
“Ṣé owó ọkọ̀ rẹ kò pé ni? Dúró, mò ń bọ̀ wá gbé ọ.”
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni iwájú fi bojú wẹ̀yìn.
Mo gbé apá súwẹ́tà sójú.
Ó tutù. Ìrì ni.
Mo ní ìrì ni.